Ìdajì Tó Wà Lọ́wọ́ Rubén

"Ta ló sọ fún un?"

Zoraida ló béèrè bẹ́ẹ̀ nídìí tábìlì oúnjẹ ọ̀sán. Ó di ìdajì ìwé kan mú, ó nà án síwájú bí ẹni tó fẹ́ kí gbogbo ilé gbóòórùn ẹja tó ti bàjẹ́. Bàbá rẹ̀, Don Casimiro Ucañán, kò gbójú kúrò nínú abọ́. Màmá rẹ̀ dìde, ó ní ìrẹsì ń jó nílé ìdáná, bẹ́ẹ̀ ìrẹsì ọ̀hún ti wà lórí tábìlì. Àǹtí Filomena, àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin, ń ya búrẹ́dì wẹ́wẹ́, kò sì fi ẹyọ kan sẹ́nu. Ẹ̀rín àwọn àlejò tó wá láti Lima, olú-ìlú, ń wọlé láti ìta, nítorí oṣù kejì ọdún ni, ọlidé ń lọ lọ́wọ́ ní Huanchaco, ìlú etí òkun wọn, kò sì sí yàrá tó ṣófo nílé àlejò wọn.

"Èèyàn márùn-ún péré ló mọ ọ̀rọ̀ yìí láyé," ni Zoraida tún wí. "Mẹ́rin ló wà níbí. Mo ní, ta ló sọ fún òǹkọ̀wé yìí?"

Ṣíbí Don Casimiro kan abọ́ lẹ́ẹ̀kan. Zoraida wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó yọ mẹ́rin kúrò nínú márùn-ún, ó sì jáde lọ wá ẹni tó kù.

Ẹni tó kù ọ̀hún ni Rubén Cabanillas, àfẹ́sọ́nà rẹ̀. Ìgbéyàwó wọn ku oṣù mẹ́ta.

*

Ìwé ló so wọ́n pọ̀. Àwọn àlejò máa ń fi ìwé sílẹ̀ ní yàrá bí wọ́n bá ń lọ: ìwé ọlidé, irú èyí tí èèyàn ń kà lórí yanrìn pẹ̀lú òróró lára, tí afẹ́fẹ́ òkun á mú kó wú bíi búrẹ́dì tó já sínú tíì. Zoraida ń kó gbogbo rẹ̀ jọ. Èyí tó fẹ́ràn jù ni ìtàn àwọn awalẹ̀pìtàn tí wọ́n ń lé ara wọn kiri nínú ihò abẹ́ ilẹ̀, tí ìbọn ń dún, tí ẹnì kan á rí ìlẹ̀kùn wúrà lójú ìwé kẹwàá, tí kò sì ní rójú ṣí i títí ìwé á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parí.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀dọ́kùnrin kan tí eruku bò láti orí dé bàtà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní òun fẹ́ ra omi. Ó tẹ̀ ọrùn láti wo àwòrán ara ìwé tó wà lọ́wọ́ Zoraida.

"Ẹ kú ìkàwé o. Ṣé wọ́n ti rí wúrà ọ̀hún?"

"Ẹ má sọ fún mi o! Mi ò tíì kà á tán."

"Èmi ò tíì fojú kan ìwé yẹn rí. Ṣùgbọ́n ọ̀jọ̀gbọ́n arúgbó inú rẹ̀ ló máa dalẹ̀ wọn."

"Ta ló sọ fún yín pé ọ̀jọ̀gbọ́n arúgbó wà nínú ẹ̀?"

"Ó máa ń wà nínú ẹ̀. Ó ń mu páìpù, àbí kò mu ún?"

Zoraida wo ojú ìwé tó ṣí sílẹ̀. Páìpù ń bẹ lẹ́nu ọ̀jọ̀gbọ́n. Inú bí i, ẹ̀rín sì ń pa á.

"Irú iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe tẹ́ ẹ fi ń ba ìwé oníwèé jẹ́?"

"Awalẹ̀pìtàn ni mí. Ibi òkìtì ibojì àwọn ará àtijọ́ tó wà lọ́nà Trujillo yẹn ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ọdún mẹ́rin rèé tí mo ti ń fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín gbálẹ̀, wúrà tí mo sì ti rí kò tó èyí tó wà létí yín. Àwọn tinú ìwé yín, ọjọ́ kan péré ni wọ́n ń lò, wọ́n á ti dé ibojì ọba."

"Ẹ kàn ń jowú wọn ni. Wọ́n mọṣẹ́ jù yín lọ."

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi gba ọ̀nà tí kò yẹ lọ́fun rẹ̀. Ó ní kó yá òun ní ìwé náà bó bá kà á tán. Zoraida ní ìdajì lòun ṣì wà. Ó ní òun ò lè dúró o, òun fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ lòun pa nípa ọ̀jọ̀gbọ́n. Ni Zoraida bá mú ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń la ẹja, ó gé ìwé náà sí méjì láti ẹ̀yìn, ó na ìdajì tó ti kà sí i.

"Ẹ gbà. Bẹ́ ẹ bá kà á tán, ẹ wá gba ìyókù."

"Rárá," ni Rubén wí. "Ìdajì ìparí ni kẹ́ ẹ fún mi. Mo fẹ́ wò ó bóyá mo lè ti ẹ̀yìn mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ níwájú."

"Wèrè lẹ!"

"Wọ́n ti sọ bẹ́ẹ̀ fún màmá mi."

Bí àṣà wọn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Gbogbo ìwé tí àlejò bá fi sílẹ̀, ọ̀bẹ á kọjá láàrin rẹ̀. Zoraida á mú ìdajì àkọ́kọ́, Rubén á mú èkejì. Lọ́jọ́ Sátidé wọn á pàdé lórí afárá ìgbọ́kọ̀sí tó nà wọ inú òkun, ẹsẹ̀ wọn á máa fì lókè omi, Zoraida á sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀, Rubén á sọ bó ṣe parí, wọn á sì jọ máa jiyàn lórí àárín. Ní ìparí oṣù kẹta, wọ́n ti fi "ẹ" sílẹ̀, wọ́n ti ń pe ara wọn ní "ìwọ." Ní oṣù kẹfà, wọn ò mú ìwé dání mọ́ tí wọ́n bá ń lọ sórí afárá.

*

Àǹtí Filomena ni alárinà. Òun ló kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ náà dé iwájú Don Casimiro, ní àárọ̀ kan tí Don Casimiro ń di koríko totora fún ọkọ̀ ìpẹja rẹ̀ tuntun níwájú ilé.

"Níbo ni wọ́n ti bí i?"

"Cajamarca."

"Lórí òkè lọ́hùn-ún. Ṣé ó tiẹ̀ mọ omi?"

"Ó ń mu ún," ni Àǹtí Filomena fèsì.

"Filomena, mi ò bá ẹ ṣeré o. Ṣé kì í ṣe àwọn awalẹ̀pìtàn yìí ni wọ́n ń pe ọlọ́pàá sí wa? A ò lè fọwọ́ kan ilẹ̀ àwọn bàbá wa mọ́, àfi àjèjì tó mú ìwé àṣẹ dání láti Lima. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni yóò wá máa jẹun nílé mi?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ yín fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ wò ó bó ṣe ń kọrin bó bá ń fọ aṣọ ibùsùn àlejò. Ẹ̀yin náà ti ń kùn ún pẹ̀lú rẹ̀."

Don Casimiro fi eyín fa okùn náà le. Kò sọ pé òun gbà, kò sì sọ pé òun kọ̀.

Àwọn òbí Rubén sọ̀kalẹ̀ láti òkè ní oṣù kẹwàá láti wá tọrọ ọmọ. Wọ́n gbé wàràkàṣì tó tóbi bíi táyà kẹ̀kẹ́ wá, pẹ̀lú eku cuy mẹ́fà tí wọ́n ti yan. Ìyá Rubén kò rí òkun rí, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ẹ̀yin èèyàn yìí, ta ló ń ti gbogbo omi yìí?" Inú Don Casimiro dùn sí ìbéèrè yẹn ju wàràkàṣì lọ. Ó mú Rubén lọ sínú omi, ó gbé e gun ọkọ̀ totora lójú gbogbo ẹbí. Rubén ṣubú lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́ẹ̀kẹrin ó jókòó dáadáa, ó dé ibi tí ìgbì ti ń fọ́, ó sì bì sórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

"Ó dáa," ni Don Casimiro wí nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n fẹ́ra. Ṣùgbọ́n kó má ṣe sọ níbì kankan pé èmi ni mo kọ́ ọ."

Gbogbo ilé hó fún ẹ̀rín. Síbẹ̀, láti ọjọ́ náà lọ, Don Casimiro kò pe Rubén ní orúkọ rẹ̀ rí. "Ará òkè" ló ń pè é. "Ará òkè yín ti dé o." "Ẹ bu ọbẹ̀ fún ará òkè."

*

Ọjọ́ Ẹtì Rere tó tẹ̀lé e ni Zoraida sọ ọ̀rọ̀ náà fún un. Ní ọ̀sán gangan ni. Ó gbé oúnjẹ lọ bá Rubén níbi òkìtì, nítorí lọ́jọ́ yẹn, àwọn awalẹ̀pìtàn kì í kúrò nídìí iṣẹ́.

"Ó yẹ kí wọ́n máa ka ọjọ́ yìí sí ọdún kan mọ́ ọjọ́ orí mi," ni Rubén ń wí, ó ń jẹun. "Láti àárọ̀ ni mo ti ń lé àwọn ará ìlú yín. Odindi ìdílé! Màmá àgbà pẹ̀lú àga, ìkòkò ìrẹsì, ṣọ́bìrì mẹ́ta. Wọ́n ní ọjọ́ tí Jésù kú, òkú kankan kì í ṣọ́ ẹrù rẹ̀, pé ìkòkò àtijọ́ á máa gòkè wá fúnra rẹ̀. Mo ní, Màmá, tó bá ń gòkè fúnra rẹ̀, kí ni ṣọ́bìrì wà fún?"

Ó rò pé Zoraida á rẹ́rìn-ín. Omi ló rí lójú rẹ̀.

"Kí ló dé? Kí ni mo sọ?"

"Rubén, tí mo bá sọ nǹkan kan fún ẹ, ṣé o lè gbé e mì?"

"Mo ti gbé omi òkun bàbá rẹ mì."

"Mi ò ṣeré."

Ó gbé abọ́ kalẹ̀.

Ó sọ fún un. Ọdún kan kí wọ́n tó bí òun, lọ́jọ́ Ẹtì Rere bíi tòní, bàbá òun àgbà, tó ti di olóògbé báyìí, mú àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin méjèèjì wá síbi òkìtì yìí: Casimiro, àti Abel àbúrò rẹ̀, tó jẹ́ ọmọ ogún ọdún. Abel ló tín-ín-rín jù, òun ló wọ inú ihò. Bàbá àgbà lọ mú kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ wá. Kó tó padà, yanrìn ya.

"Bàbá mi ní lójú ẹsẹ̀ ló kú. Kò tiẹ̀ pariwo. Kí ni wọn ì bá ṣe? Tí wọ́n bá pe èèyàn, ọlọ́pàá á dé. Àlùfáà wo ló máa sìnkú ẹni tó kú síbi tó ti ń jí ẹrù òkú, lọ́jọ́ Ẹtì Rere? Wọ́n dí ihò náà. Nígbà tí wọ́n délé, wọ́n ti ọkọ̀ totora Abel sínú òkun ní òfìfo. Ìgbì gbé e padà wá, gbogbo ìlú sì sunkún pé òkun ti gbé e lọ."

"Àǹtí Filomena ńkọ́? Òdòdó tó ń jù sínú omi fún Abel lọ́jọ́ àjọ̀dún Pétérù Mímọ́?"

"Ó mọ̀. Gbogbo ọdún ló ń jù ú. Àwọn aládùúgbò ń wò ó, ṣé kó wá ṣíwọ́ ni? Òkun ló ń kọjú sí, ẹ̀yìn ló sì kọ sí Abel."

Rubén ṣí fìlà. Ó wo ilẹ̀ tó ti fi búrọ́ọ̀ṣì gbá fún ọdún márùn-ún, ó sì gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò níbi tó fi sí bí ẹni tó tẹ èèyàn mọ́lẹ̀.

"Mi ò ní sọ ọ́," ló wí. "Ẹnu mi kọ́ ni ẹnikẹ́ni ti máa gbọ́ ọ."

Zoraida gbà á gbọ́ pátápátá. Ara rẹ̀ fúyẹ́ nígbà tó ń rìn lọ sílé, bí ẹni tó ti rí ẹni bá a gbé ẹrù ní apá kan.

*

Ní oṣù kẹjọ, nígbà tí ìkùukùu bo òkun tí àlejò ò sì sí, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Leandro Elguera wá láti Lima, ó gba yàrá òkè fún oṣù kan. Òǹkọ̀wé ni. Ó ní òun fẹ́ kọ ìtàn awalẹ̀pìtàn kan, ìtàn fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ tí èèyàn lè kà ní etí òkun. Zoraida kò sí nílé, ó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Trujillo, àwọn tó kù ló sì ń ròyìn rẹ̀ fún un. Rubén mú un yí òkìtì ká fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Don Casimiro ń gbé e lọ sí òkun láàárọ̀. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, wọ́n ní, ó mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ́tí sílẹ̀.

Ìwé rẹ̀ jáde kí ọlidé oṣù kìíní tó dé. Ní oṣù kejì, kò sí agboòrùn kan ní etí òkun tí ẹni tó ń kà á kò sí lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí àlejò kan fi tirẹ̀ sílẹ̀, Zoraida àti Rubén pariwo bí ọmọdé. Ọ̀bẹ kọjá láàrin rẹ̀ bí ìṣe wọn. Ìdajì àkọ́kọ́ parí sí ojú ìwé kejìléláàádọ́fà.

Ọjọ́ kejì, Zoraida jókòó lórí yanrìn fún ìsinmi ìdajì wákàtí. Ó ń gbádùn ara rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n arúgbó wà níbẹ̀ lóòótọ́, ìbọn ti dún lẹ́ẹ̀mejì, ọmọbìnrin awalẹ̀pìtàn ti há sábẹ́ ilẹ̀, apẹja kan sì ń pa ìtàn fún un nípa òkìtì náà. Zoraida ń fi ẹ̀rín yí ojú ìwé. Ló bá dé èyí tó kẹ́yìn:

"Apẹja náà àti bàbá rẹ̀ ti ọkọ̀ koríko òkú sínú omi ní òfìfo, pẹ̀lú àjẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, gbogbo ìlú tò sí etí òkun, wọ́n ń sunkún sí omi, nígbà tí ẹni tí wọ́n ń sunkún lé lórí wà nínú yanrìn lẹ́yìn wọn, lábẹ́ òkìtì tí ó ti lọ jalè lọ́jọ́ Ẹtì Rere."

Ìdajì tirẹ̀ parí síbẹ̀. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ni kò gbọ́ ariwo omi mọ́.

*

Nígbà tó kúrò nídìí tábìlì oúnjẹ ọ̀hún, ó bá Rubén lórí afárá. Rubén ti ń dúró dè é, ìdajì ìwé tirẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ kò sì dáa. Zoraida rí ojú náà, ó sọ ọ́ di ẹ̀rí lójú ẹsẹ̀.

"Mélòó ló fún ẹ? Àbí ọ̀fẹ́ lo fún un?"

"Zoraida, gbọ́ mi ná."

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lo fi bá a rìn! Kí lẹ ń sọ? Kí lo rí sọ fún un tó dùn ju ẹ̀jẹ̀ mi lọ?"

"Ìkòkò! Bí wọ́n ṣe ń da ìkòkò pọ̀ la sọ! Mi ò dárúkọ Abel fún ẹnikẹ́ni láyé."

"Ta wá ni? Ṣé màmá mi ni? Àbí bàbá mi, tí kò lè gbọ́ orúkọ yẹn kó má kúrò níjòkòó? Ta ni, Rubén? Ìwọ tó o máa ń mọ ọ̀dàlẹ̀ kí ìwé tó parí!"

Rubén na ìdajì ìwé náà sí i.

"Kà á. Ojú ewé àkọ́kọ́ péré. Mi ò fẹ́ kó jẹ́ ẹnu mi lo ti máa gbọ́ ọ."

"Ìwé lo tún gbé fún mi? Lójú ẹ, eré la ṣì ń ṣe?"

Ó gbá a lọ́wọ́. Ìwé náà já lu afárá, atẹ́gùn ṣí i, àwọn ewé rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ sínú omi ní méjì méjì. Rubén wólẹ̀ láti mú wọn. Kí ó tó dìde, òrùka ìfẹ́sọ́nà ti wà lórí pákó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìka ọwọ́ rẹ̀, Zoraida sì ti ń lọ.

Nígbà tó délé, ó ju ìdajì tirẹ̀ sínú iná ìdáná. Bàbá rẹ̀ dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ń wo bó ṣe ń jó.

"Mo ti dá òrùka rẹ̀ padà," ni Zoraida wí.

Don Casimiro mi orí díẹ̀díẹ̀. Ó sún mọ́ ọn, ó gbé ọwọ́ lé e lórí, ohun tí kò ṣe láti ìgbà tó ti wà lọ́mọdé.

"Ará òkè ni," ló wí. "Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi."

*

Rubén wá sílé lẹ́ẹ̀mẹta. Zoraida jókòó sínú yàrá, ó ń gbọ́ ohùn rẹ̀ àti ohùn bàbá rẹ̀ tó ń sọ fún un pé kó máa lọ. Lẹ́yìn náà ni Àǹtí Filomena bẹ̀rẹ̀ sí í wá.

"Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọkùnrin yẹn ti rù o. Ó ní ọ̀rọ̀ kan péré lòun ní sí ẹ."

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́."

"Mo ní kó sọ ọ́ fún mi, kí n bá a jẹ́ ẹ. Ó ní kò ṣeé gbà jẹ́. Ó ní kó o ṣáà wá ìwé yẹn kà."

"Tẹ́ ẹ bá tún dárúkọ ìwé yẹn, màá dìde níbí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ju òdòdó sómi, inú ò bí yín?"

Àǹtí Filomena sọ ojú sílẹ̀. "Ó ń bí mi," ló wí. "Ṣùgbọ́n ojú ọmọ yẹn kì í ṣe ojú òpùrọ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn kò jẹ́ kí Zoraida sinmi fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Bó bá ń tẹ́ ibùsùn àlejò, á kàn dúró, aṣọ á wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí kì í bá ṣe Rubén ńkọ́? Á tún ṣe ìṣírò náà: márùn-ún, yọ mẹ́rin. Màmá rẹ̀, tí kì í tilẹ̀ gba ibi òkìtì kọjá. Àǹtí rẹ̀. Bàbá rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀. Ìdáhùn kan náà ló ń jáde, á sì máa bá iṣẹ́ lọ. Ìtùnú kan tó rí ni pé kò sẹ́ni tó fura nílùú. Ìtàn ọlidé ni lójú wọn. Wọ́n kà á, wọ́n gbọn yanrìn kúrò lára rẹ̀, wọ́n gbàgbé.

Bàbá rẹ̀ sì ń ṣe dáadáa sí i. Ó tún àga rẹ̀ ṣe. Ó ń ṣa ẹja tó dáa jù sọ́tọ̀ fún un. Ní alẹ́ Sátidé, ó máa ń bá a jókòó lẹ́nu ọ̀nà láìsọ nǹkan kan. Zoraida ń sọ fún ara rẹ̀ pé ẹni tí ọkùnrin dalẹ̀ rẹ̀ tó sì tún ní irú bàbá yìí, kó má ráhùn.

Ní ọdún kejì, Rubén gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí Cajamarca. Ní ọdún kẹta, Àǹtí Filomena sọ fún un, láìwo ojú rẹ̀, pé ó ti fẹ́ olùkọ́ kan níbẹ̀, wọ́n sì ti bí ọmọbìnrin kan. Zoraida ní, "Ọlọ́run á wò ó," ó sì tún lọ sá aṣọ tó ti gbẹ sórí okùn.

*

Oṣù kejì ọdún tún dé. Ọ̀sán ni, oòrùn ń ta, etí òkun kún dẹ́nu. Zoraida gbé ife omi ọsàn tútù lọ fún ọmọbìnrin ará Lima kan tó gba yàrá lọ́dọ̀ wọn, tó nà gbalaja sábẹ́ agboòrùn. Ìwé kan bo ojú rẹ̀. Nígbà tó gbé e kúrò, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Ẹ má wo ojú mi, ẹ̀gbọ́n," ọmọbìnrin náà wí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ìwé ló pa mí lẹ́kún. Ìwé yẹpẹrẹ! Mo mú un wá kí n lè fi pa ara mi lẹ́rìn-ín. Ṣé ẹ ti kà á?"

Zoraida mọ ẹ̀yìn ìwé náà. Ọwọ́ rẹ̀ mú ife náà le. "Mo ka ìdajì rẹ̀."

"Ṣé ẹ dé ibi tí àbúrò apẹja ti ń kan ilẹ̀ láti abẹ́ yanrìn?"

"Kò kan ilẹ̀. Lójú ẹsẹ̀ ló kú."

"Rárá o! Nǹkan tí wọ́n sọ fún àwọn ará ilé nìyẹn. Ibi tó pa mí lẹ́kún gan-an nìyẹn. Ẹ wò ó."

Ó ṣí ìwé náà sórí yanrìn. Ní apá òsì ni ojú ìwé kejìléláàádọ́fà wà, pẹ̀lú ọkọ̀ òfìfo àti ìlú tó ń sunkún sí omi. Ní apá ọ̀tún, ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gan-an, tí wọ́n kọjú sí ara wọn, ni kẹtàléláàádọ́fà wà. Zoraida kúnlẹ̀.

"'Ohun tí mi ò sọ fún bàbá mi,' ni apẹja náà wí, 'tí mi ò sì sọ fún ìyàwó mi, ni pé àbúrò mi kò kú lójú ẹsẹ̀. Èmi nìkan ni mo wà lẹ́nu ihò. Bàbá ti lọ mú kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ wá. Mo gbọ́ ọ tó ń kan ilẹ̀ láti ìsàlẹ̀: ẹ̀ẹ̀mẹta, á sinmi, ẹ̀ẹ̀mẹta. Mo ń fi ọwọ́ kó yanrìn, ó ń ya padà. Nígbà tí mo gbọ́ ohùn ọlọ́pàá lójú ọ̀nà, mo dùbúlẹ̀ lórí yanrìn náà, mo fi gbogbo ara mi bo ìró yẹn mọ́lẹ̀, títí tí kò fi dún mọ́.'"

"Ẹ wo irú nǹkan tí òǹkọ̀wé lè jókòó rò," ni ọmọbìnrin náà wí. "Ẹ̀gbọ́n? Ẹ̀gbọ́n, ṣé ara yín yá?"

Àtẹ́wọ́ bẹ́ ní etí omi. Apẹja kan ṣẹ̀ṣẹ̀ gun ìgbì ńlá kan dé èbúté lórí ọkọ̀ totora rẹ̀, àwọn àlejò ń ya fọ́tò rẹ̀. Ó gbé ọkọ̀ náà lé èjìká, omi ń ro lára rẹ̀. Don Casimiro ni. Ó rí Zoraida lábẹ́ agboòrùn. Ó na ẹja tó tóbi jù sókè kó lè rí i, ó sì ń bọ̀ tààrà lórí yanrìn.